Kí ilé ìtajà géèmù tó kọ Windows yín sílẹ̀: ohun tó yẹ kí ẹ kó jáde

Ìkéde náà kì í gùn. Ìlà kan péré lókè áàpù ilé ìtajà géèmù yín ni, pé láti ọjọ́ báyìí-báyìí, áàpù yìí kò ní ṣiṣẹ́ mọ́ lórí Windows tàbí macOS tí ẹ ń lò. Àwọn kan á rí i, wọ́n á tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Àwọn mìíràn á káwọ́ lérí, wọ́n á rò pé gbogbo géèmù tí àwọn ti ń fowó rà láti ọdún mélòó kan ti wọmi nìyẹn. Èrò méjèèjì ló kù díẹ̀ káàtó. Géèmù tó wà nínú háàdì dísìkì yín kò mọ ohunkóhun nípa ọjọ́ yẹn. Ohun tó fẹ́ kú ni áàpù tó dúró láàárín ẹ̀yin àti géèmù náà: òun ló ń gbà á sílẹ̀ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, òun ló ń jẹ́rìí pé ẹ ti rà á, òun náà ló sì ń ṣí i. Ẹni tó bá ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ lọ́kàn á mọ ohun tó yẹ kó tètè kó jáde, á sì mọ èyí tí kò yẹ kó gba oorun lójú rẹ̀.

Steam, ọ̀kan nínú àwọn ilé ìtajà géèmù yìí, ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ jù, nítorí pé wọ́n máa ń kéde ọjọ́ wọn ní gbangba. Wọ́n fi Windows XP àti Vista sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2019. Windows 7, 8 àti 8.1 tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2024. macOS 10.13 àti 10.14 lọ ní ọjọ́ 15 oṣù Kejì ọdún 2024, macOS 11 ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Windows 10 oní-32-bit (irú àtijọ́ tí oní-64-bit ti rọ́pò) sì tẹ̀ lé e ní ọjọ́ 1 oṣù Kìíní ọdún 2026.

Chrome ni kí ẹ máa wò

Ẹni tó bá ṣí Steam lè rò pé áàpù lásán ló ṣí. Bùráúsà ni. Ojú ìwé ìtajà, ojú ìwé àwọn ọ̀rẹ́, ibi tí àwòrán àwọn géèmù yín tò sí, Chrome kan tí wọ́n dè mọ́ inú áàpù náà ló ń yà wọ́n sójú kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí Task Manager, ẹ ó rí i níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ steamwebhelper.exe, ó sì lè tó márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Google bá ti sọ pé Chrome tuntun kò ní gba Windows kan mọ́, ẹni tó fi Chrome kọ́ ilé ìtajà rẹ̀ kò ní ju ọ̀nà méjì lọ: kó jókòó sórí Chrome àtijọ́ tí ẹnikẹ́ni kò dí ihò ara rẹ̀ mọ́, tàbí kó fi àwọn oníbàárà tó wà lórí Windows yẹn sílẹ̀. Níbi tí nọ́ńbà káàdì báńkì àwọn èèyàn ti ń kọjá, mi ò lè dá wọn lẹ́bi pé wọ́n yan èkejì.

Ẹ wo bí ọjọ́ wọn ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Chrome 49 ló gbẹ̀yìn lórí XP àti Vista, ní ọdún 2016. Chrome 109 ló gbẹ̀yìn lórí Windows 7, 8 àti 8.1, Chrome 110 jáde ní oṣù Kejì ọdún 2023, nígbà tó sì di oṣù Kẹta ọdún yẹn, Valve tó ni Steam ti kéde pé àwọn náà ń lọ. Chrome 116 ló gbẹ̀yìn lórí macOS 10.13 àti 10.14. Chrome 138 ló gbẹ̀yìn lórí macOS 11. Nígbà kọ̀ọ̀kan, Chrome ló kọ́kọ́ jáde nílé, Steam á sì jáde tẹ̀ lé e lẹ́yìn oṣù díẹ̀ tàbí ọdún díẹ̀.

Chrome náà kò dá lọ. Microsoft ló ń wò. Windows 7 parí ní ọjọ́ 14 oṣù Kìíní ọdún 2020, ṣùgbọ́n Microsoft ń ta àtúnṣe ààbò fún àwọn iléeṣẹ́ títí di oṣù Kìíní ọdún 2023, ìyẹn oṣù kan péré kí Chrome 110 tó jáde. Nítorí náà, ẹni tó wà lórí Windows 10 oní-64-bit lónìí, tí Microsoft parí rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, kò nílò kó máa bẹ̀rù lójoojúmọ́. Àfikún ọdún kan wà fún àwọn aráalé títí di oṣù Kẹwàá ọdún 2026, ti àwọn iléeṣẹ́ sì lè dé ọdún 2028. Ní ọjọ́ tí Google bá kéde pé Chrome ń fi Windows 10 sílẹ̀, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, ẹ ní àkókò.

Ti 32-bit yàtọ̀ díẹ̀. Valve sọ pé ìdá 0.01 nínú ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà tó wà nínú ìwádìí wọn ló ṣì wà lórí Windows 10 oní-32-bit. Èyí kò kan géèmù oní-32-bit rárá o. Géèmù oní-32-bit á máa ṣiṣẹ́ lórí Windows oní-64-bit bó ti ń ṣiṣẹ́ látẹ̀yìnwá. Géèmù oní-16-bit, èyí tí wọ́n ṣe fún Windows 3.1 tàbí àwọn kan láyé Windows 95, ni Windows oní-64-bit kì í ṣí. Linux, ètò mìíràn tó lè rọ́pò Windows, náà ní ti tirẹ̀: láti oṣù Kẹjọ ọdún 2025, Steam ń béèrè glibc (àkójọ kóòdù tí àwọn áàpù Linux gbára lé) 2.31 tàbí èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ ldd --version nínú tẹ́mínà, ẹ ó rí iye tí tiyín jẹ́. Ubuntu 20.04 àti Debian 11, tí wọ́n jẹ́ irú Linux méjì, ní 2.31 gẹ́lẹ́.

Bó ṣe ń bàjẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ náà

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, kò sóhun tó máa ṣẹlẹ̀. Áàpù á ṣí bó ti ń ṣí, èyí ló sì ń tan èèyàn jẹ. Ohun tó dáwọ́ dúró ni ọ́pídéètì: áàpù ti dúró lójú kan, sáfà tó ń bá sọ̀rọ̀ sì ń rìn lọ. Ojú ìwé ìtajà ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ. Á di funfun tàbí dúdú, tàbí kí áàpù máa sọ pé steamwebhelper kò dáhùn. Lẹ́yìn náà ni wíwọlé máa ń kọ̀, pàápàá fún ẹni tó bá ti jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ tó wá fẹ́ padà wọlé. Nítorí náà, bí ẹ bá ti wà nínú àkáǹtì lórí kọ̀ǹpútà àtijọ́, ẹ má ṣe tẹ Sign Out láti dánrawò. Ìdánwò yẹn ni ọ̀pọ̀ èèyàn kò tíì rí ojútùú rẹ̀.

Lórí Windows 7, ohun mẹ́ta mìíràn wà tó máa ń di ọ̀nà, tí wọn kò sì kan Steam nìkan. Àfikún Microsoft tó ń jẹ́ KB3140245 ló ń jẹ́ kí àwọn áàpù rẹ̀ lo TLS 1.2, èdè ìkọ̀kọ̀ tí ọ̀pọ̀ sáfà ń béèrè báyìí. KB4490628 àti KB4474419 ló ń jẹ́ kó mọ ìbuwọ́lù SHA-2, èyí tí wọ́n fi ń buwọ́ lu àwọn fáìlì tuntun. Windows 7 tí kò ní Service Pack 1 kò lè gba àwọn ìbuwọ́lù yìí rárá. Bí fáìlì kan bá ń sọ pé òun kò mọ ẹni tó ṣe òun, tàbí tí ojú ìwé ìtajà kan kò ṣí nínú bùráúsà, ẹ wo àwọn mẹ́ta yìí kí ẹ tó dá íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́bi. Firefox ESR 115 ni bùráúsà Firefox tó gbẹ̀yìn lórí Windows 7, 8 àti 8.1, òun ni kí ẹ lò bí ẹ bá gbọ́dọ̀ gba fáìlì sílẹ̀ níbẹ̀. Ní ti XP, bùráúsà tó bá a wá kò gbọ́ TLS 1.2. Ẹ gba fáìlì sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà mìíràn, kí ẹ fi fláàṣì gbé e lọ.

Géèmù fúnra rẹ̀

Kójú má ríbi, ẹsẹ̀ loògùn rẹ̀. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ kó jáde nígbà tí áàpù ṣì ń ṣí: fáìlì géèmù, fáìlì save (èyí tó ń rántí ibi tí ẹ bá géèmù dé), àti ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni àkáǹtì.

Fáìlì géèmù Steam máa ń wà nínú C:\Program Files (x86)\Steam\steamapps\common, fódà kan fún géèmù kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fódà common yẹn, nínú steamapps gan-an, ẹ ó rí àwọn fáìlì kéékèèké tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú appmanifest. Wọ́n ló ń sọ fún Steam pé géèmù yìí wà lórí kọ̀ǹpútà àti ẹ̀yà tó jẹ́. Ẹ kó méjèèjì. Steam ní ọ̀nà tirẹ̀ fún ìpamọ́, lábẹ́ Properties, Installed Files, ṣùgbọ́n Steam nìkan ló lè ṣí ohun tó bá dì. Ẹ̀dà fódà lásán ni mo fara mọ́ jù, nítorí pé ohunkóhun lè kà á.

Bí ẹ bá dé orí kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ gbé fódà géèmù sínú steamapps\common ibẹ̀ kí ẹ tó tẹ Install. Steam á yẹ ohun tó bá níbẹ̀ wò, á sì gba kìkì ohun tó yàtọ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tẹ Install kó tó gbé fódà wọlé á tún san dátà fún gbogbo gígábáìtì náà lẹ́ẹ̀kejì.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti sábà máa ń dojú rú ni fláàṣì tàbí háàdì tí wọ́n fọ́máàtì sí FAT32. FAT32 kò gba fáìlì kan ṣoṣo tó bá tó 4 GB, géèmù òde òní sì kún fún irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Windows á sọ pé fáìlì ti tóbi jù, tàbí pé àyè kò tó nígbà tí àyè pọ̀ níbẹ̀. Ẹ fọ́máàtì rẹ̀ sí exFAT tàbí NTFS kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. XP nílò àfikún KB955704 kó tó lè ka exFAT, nítorí náà NTFS ló rọrùn jù fún un.

Èwo nínú wọn ló lè dá dúró láìsí Steam? Ìdánwò rẹ̀ kò pẹ́. Ẹ jáde kúrò nínú Steam pátápátá, kì í ṣe kí ẹ kàn tẹ X. Ẹ lọ sí Steam, kí ẹ tẹ Exit. Ẹ yọ íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ wọ fódà géèmù, kí ẹ tẹ fáìlì .exe rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bó bá ṣí, kò so mọ́ áàpù, ẹ̀dà fódà yẹn sì tó fún yín. Bó bá tún Steam jí, tàbí tó sọ pé Steam kò sí nílẹ̀, ó so mọ́ ọn. Àwọn tó dá dúró pọ̀ ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ, pàápàá àwọn géèmù kéékèèké. Ẹ kọ àbájáde sílẹ̀ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Àwọn fáìlì ìrànlọ́wọ́ wà tí géèmù ń lò tí kò sí nínú fódà rẹ̀. Lórí kọ̀ǹpútà tuntun tí kò rí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ló máa ń fa èsì àjèjì. Bí géèmù bá pariwo d3dx9_43.dll, DirectX End-User Runtime ti oṣù Kẹfà ọdún 2010 ni kò ní. MSVCP100.dll túmọ̀ sí Visual C++ 2010. MSVCR110.dll túmọ̀ sí 2012. VCRUNTIME140.dll túmọ̀ sí èyí tí wọ́n pa pọ̀ láti 2015 títí di 2022. Bó bá jẹ́ api-ms-win-crt-runtime-l1-1-0.dll lẹ rí lórí Windows 7, KB2999226 ló ń wá. Púpọ̀ nínú wọn wà ní steamapps\common\Steamworks Shared\_CommonRedist. Ẹ kó fódà yẹn náà. Ẹ má ṣe gba .dll kan ṣoṣo láti ojú ìwé tó ń pín .dll kiri, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé.

Fáìlì save ló ń dunni jù

Géèmù lẹ lè tún gbà sílẹ̀. Ọgọ́ta wákàtí tí ẹ fi dé ibi tí ẹ dé kò sí ní ilé ìtajà kankan. Kò sì sí ibi kan ṣoṣo tí wọ́n ń kó o sí, èyí ló mú kó máa bọ́ lọ́wọ́ èèyàn. Ẹ wo Documents, pàápàá My Games nínú rẹ̀. Ẹ wo Saved Games. Ẹ wo AppData, tí Windows máa ń fi pamọ́: ẹ di bọ́tìnnì Windows àti R mú, ẹ tẹ %appdata%, á gbé yín dé Roaming, bí ẹ bá gòkè lẹ́ẹ̀kan ẹ ó rí Local àti LocalLow. Àwọn géèmù Unity fẹ́ràn LocalLow. Ẹ wo Steam\userdata, níbi tí fódà oní-nọ́ńbà kan wà fún àkáǹtì yín. Àwọn kan sì ń kọ ọ́ sínú registry (ìwé àkọsílẹ̀ ètò Windows fúnra rẹ̀), lábẹ́ HKEY_CURRENT_USER\Software àti orúkọ iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù náà. Regedit ni ẹ ó fi ṣe Export rẹ̀ sí fáìlì .reg. Bí iṣẹ́ yìí bá pọ̀ jù, ẹ kó gbogbo fódà orúkọ yín lábẹ́ C:\Users. Ó wúwo, ṣùgbọ́n kò ní fi ohun púpọ̀ sílẹ̀ àyàfi ti registry, ti Steam\userdata, àti ti àwọn géèmù tó ń kọ save sínú fódà ara wọn, èyí tí ẹ ti kó tẹ́lẹ̀ pẹ̀lú common.

Steam Cloud dára, ṣùgbọ́n ẹ má gbé gbogbo ara lé e. Kì í ṣe gbogbo géèmù ló ń lò ó. Ọjọ́ tí ẹ bá kọ́kọ́ ṣí géèmù lórí kọ̀ǹpútà tuntun, Steam lè sọ pé ti orí kọ̀ǹpútà àti ti Cloud kò bára mu, kó ní kí ẹ yan ọ̀kan. Ẹ dúró níbẹ̀, ẹ ka ọjọ́ àti aago tó kọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá yára tẹ ti orí kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ òfìfo tí géèmù ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, á fi òfìfo yẹn bo ọgọ́ta wákàtí rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Ti àkáǹtì kò gùn. Ẹ rí i pé ẹ ṣì lè wọ inú ímeèlì tó so mọ́ ọn, pé nọ́ńbà fóònù ibẹ̀ ṣì jẹ́ tiyín, kí ẹ sì wọlé lórí kọ̀ǹpútà kejì tó ní Windows tuntun kí kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó jáde. Ohun tí ẹ rà wà nínú àkáǹtì, kò sí nínú kọ̀ǹpútà. Kò sí ìkéde kankan tó mú un lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ dúró lórí èyí àtijọ́

Ó ṣeé ṣe, bí kọ̀ǹpútà náà bá kúrò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Wíwọlé pẹ̀lú Remember me ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí gbogbo ọ́pídéètì géèmù parí, kí ẹ ṣí géèmù kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan títí dé ojú ewé àkọ́kọ́ rẹ̀, nítorí pé ìgbà àkọ́kọ́ yẹn ló ń fi DirectX àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tẹ Steam, Go Offline. Ẹni tó bá fo ìgbésẹ̀ ṣíṣí géèmù á rí i pé géèmù tó wà lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ń béèrè íntánẹ́ẹ̀tì lójijì.

Láti dá áàpù dúró kó má ṣe ọ́pídéètì ara rẹ̀ sí ẹ̀yà tí Windows yín kò lè ṣí, ẹ ṣe fáìlì kan nínú fódà Steam, ẹ pè é ní steam.cfg, kí ẹ kọ ìlà méjì sínú rẹ̀: BootStrapperInhibitAll=enable, àti BootStrapperForceSelfUpdate=disable. Ẹ ṣọ́ra kí Notepad má fi .txt kún orúkọ rẹ̀ lẹ́yìn. Bó bá ti di steam.cfg.txt, Steam kò ní kà á. Mi ò gbà á nímọ̀ràn fún kọ̀ǹpútà tó ṣì ń wọ íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí pé Chrome àtijọ́ inú áàpù náà lẹ ń dá dúró pẹ̀lú gbogbo ihò rẹ̀.

Nígbà mìíràn, géèmù fúnra rẹ̀ ló kọ Windows àtijọ́, nítorí pé àwọn tó ṣe é ti gbé e lọ sórí ẹ́ńjìnnì tuntun. Ẹ wo Properties, Betas. Àwọn kan máa ń fi ẹ̀yà àtijọ́ síbẹ̀ fún irú èyí. Bí kò bá sí, ẹ tẹ steam://open/console nínú Run, kí ẹ lo download_depot pẹ̀lú nọ́ńbà géèmù, nọ́ńbà depot (àpò fáìlì géèmù náà) àti nọ́ńbà manifest (àkọsílẹ̀ ẹ̀yà kan) ti ẹ̀yà tí ẹ fẹ́. Ó máa ń kó o sínú steamapps\content, kì í ṣe common, nítorí náà ẹ má wá a níbi tí kò sí. Géèmù tí ẹ ti rà nìkan ló ń gbà sílẹ̀.

GOG, ilé ìtajà géèmù mìíràn, kò ní ìdààmú tó tó èyí, ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún ẹni tó bá ní Windows àtijọ́ pé ibẹ̀ ni kó ti ra géèmù tó bá wà níbẹ̀. Ojú ìwé wẹ́ẹ̀bù wọn ní fáìlì ìfisórí tí kò nílò áàpù kankan. Géèmù ńlá máa ń jẹ́ .exe kan pẹ̀lú .bin mélòó kan, gbogbo .bin gbọ́dọ̀ wà nínú fódà kan náà pẹ̀lú .exe, láìyí orúkọ wọn padà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dúró ní àárín. Bí ẹ bá ti ní fáìlì ìfisórí àtijọ́ tó ṣiṣẹ́ lórí Windows 7, ẹ má ṣe pa á rẹ́ nígbà tí tuntun bá dé. Tuntun lè béèrè Windows 10. Ilé ìtajà itch.io náà máa ń fúnni ní zip lásán fún ọ̀pọ̀ géèmù.

Bí ẹ bá fẹ́ gòkè

Lórí Windows 10, ẹ ṣí Settings, System, About, ẹ wo System type. Bó bá sọ pé x64-based processor, kọ̀ǹpútà náà lè gba Windows oní-64-bit. Kò sí ọ̀nà láti gun 64-bit lórí 32-bit láì nu dísìkì. Ìfisórí tuntun pátápátá ni, nítorí náà ohun tí a ti sọ nípa save gbọ́dọ̀ ti parí. Windows 10 oní-64-bit ń béèrè RAM 2 GB, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ṣe géèmù kó má dánwò pẹ̀lú ohun tó kéré sí 8. Dráífà káàdì graphics ni kí ẹ wò kí ẹ tó ṣe ohunkóhun: ẹ̀yà 391.35 ló gbẹ̀yìn fún GeForce 400 àti 500, ẹ gbà á sílẹ̀ ṣáájú. Windows 11 ń béèrè TPM 2.0 àti Secure Boot (ohun ààbò méjì inú kọ̀ǹpútà), RAM 4 GB àti àyè 64 GB, ẹ̀yà 24H2 rẹ̀ kò sì ní tàn rárá lórí Core 2 Duo, nítorí pé ẹ̀rọ yẹn kò ní ìtọ́ni POPCNT. Kò sí ọgbọ́n tó lè yí èyí padà.

Ẹni tó ní géèmù orí CD kí ó dúró díẹ̀. Windows 10 kò gba SafeDisc mọ́, bẹ́ẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ SecuROM àtijọ́, ìyẹn àwọn ìdè tí wọ́n fi ń dènà ṣíṣe ẹ̀dà CD. Ẹ fi Windows àtijọ́ sílẹ̀ lórí dísìkì kejì fún wọn.

Linux ni ọ̀nà tó ń gba ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ọlọ́jọ́ pípẹ́ là. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2018 ni Proton ti wà nínú Steam, òun ló ń jẹ́ kí géèmù Windows ṣiṣẹ́ lórí Linux. Ohun tó ń dènà rẹ̀ ni Vulkan, èdè tí géèmù fi ń bá káàdì graphics sọ̀rọ̀. Ẹ tẹ vulkaninfo --summary, kí ẹ wo apiVersion. DXVK, apá Proton tó ń tú DirectX sí Vulkan, ń béèrè Vulkan 1.3 láti ẹ̀yà 2.0 sókè, GeForce 400 àti 500 kò ní Vulkan rárá. Bí káàdì yín kò bá tó, ẹ wọ Properties géèmù náà, kí ẹ kọ PROTON_USE_WINED3D=1 %command% sínú Launch Options. Á lo OpenGL dípò, á lọ́ra sí i, ṣùgbọ́n géèmù àtijọ́ sábà máa ń gbà á. Ẹ má ṣe fi géèmù sílẹ̀ lórí páátíṣọ̀n NTFS ti Windows kí ẹ máa ṣí i láti ibẹ̀. Proton ń ṣe àwọn fódà tí orúkọ wọn ní àmì (:), NTFS kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Páátíṣọ̀n ext4 ti Linux ni kí ẹ gbé wọn sí. Save yín á wà ní steamapps/compatdata, nọ́ńbà géèmù, pfx/drive_c/users/steamuser. Inú ibẹ̀ ni kí ẹ da ohun tí ẹ kó láti Windows sí, ní ọ̀nà fódà kan náà. Géèmù elérò púpọ̀ tó ní ẹ̀ṣọ́ ìrẹ́jẹ lè kọ̀ jálẹ̀, ẹ wo ProtonDB, ojú ìwé tí àwọn èèyàn ti ń ròyìn géèmù tó ṣiṣẹ́, kí ẹ tó fi ọkàn sí i. Fún géèmù tí ẹ rà ní GOG àti ilé ìtajà Epic, áàpù Heroic Games Launcher ń ṣe iṣẹ́ náà dáadáa.

Àwọn tó ń lo Mac ló wà láàárín àpáta méjì

Fún wọn ni àánú ń ṣe mí jù, ó sì yẹ kí àwọn ilé ìtajà ti ṣe ju èyí lọ. macOS 10.15, tó jáde ní ọdún 2019, yọ gbogbo áàpù oní-32-bit kúrò. macOS 10.14 ló gbẹ̀yìn tó lè ṣí géèmù oní-32-bit. Steam sì fi 10.14 sílẹ̀ ní ọdún 2024. Nítorí náà, macOS tó lè ṣí géèmù náà kò lè ṣí ilé ìtajà, èyí tó sì lè ṣí ilé ìtajà kò lè ṣí géèmù náà. Owó tí èèyàn san kò yí padà, ọ̀nà tó gbà dé ibẹ̀ ni wọ́n gé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Áàpù kékeré kan tí kò ní bùráúsà nínú, tó kàn lè gba ohun tí ẹni ti rà sílẹ̀, kó sì ṣí i, ì bá tó.

Kí ẹ tó gòkè láti 10.14, ẹ ṣí About This Mac, System Report, kí ẹ wá Legacy Software lábẹ́ Software. Ohun tó bá wà níbẹ̀ ni kò ní ṣí mọ́. Bí géèmù tí ẹ fẹ́ràn bá wà nínú rẹ̀, ẹ dá volume APFS kejì sílẹ̀ nínú Disk Utility, kí ẹ fi macOS tuntun sórí rẹ̀, kí 10.14 wà ní ipò rẹ̀ pẹ̀lú àwọn géèmù tí ẹ ti dán wò pé .app wọn ń ṣí láìsí Steam. Lórí Mac oní-Intel, Boot Camp (ọ̀nà Apple láti fi Windows sórí Mac) pẹ̀lú Windows 10 oní-64-bit á ṣí ẹ̀yà Windows ti géèmù kan náà bí ẹni tó ṣe é bá ta méjèèjì pọ̀. Lórí èyí tó jẹ́ Apple Silicon, CrossOver, áàpù tó ń ṣí géèmù Windows lórí Mac, ni kí ẹ dán wò, nítorí pé ó ṣì ń gba géèmù Windows oní-32-bit. Ẹ kó save inú ~/Library/Application Support jáde kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Finder máa ń fi Library pamọ́, ẹ di Option mú nígbà tí ẹ bá ṣí Go, á sì jáde.